Jìbìtì Nínú Ọjà Àdápadà: Ààbò fún Àwọn Tó Ń Tajà Lórí Ayélujára

Ọjà àdápadà ni ọjà tí oníbàárà ti rà, tí ó ti dé ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì tún dá padà fún ẹni tó tà á, kí ó lè gba owó rẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọjà àdápadà ló ní ìdí tó dára. Bàtà lè kéré ju ẹsẹ̀ lọ, aṣọ lè ti ya kí ó tó kúrò ní ìsọ̀, ẹ̀rọ ìlọta lè má ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e délé. Jìbìtì wọ̀ ọ́ nígbà tí oníbàárà bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nípa ọjà náà, tàbí nípa bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó lè gba owó padà lórí ohun tí ó ti lò, tí ó ti bà jẹ́, tàbí tí kò tilẹ̀ dá padà rárá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọlọ́jà ń gbà pàdánù nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀: owó ọjà lọ, ọjà gan-an kò ṣeé tà mọ́, owó tí wọ́n fi gbé e lọ gbé e bọ̀ náà sì wọgbó.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn gan-an. Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnká, ìsọ̀ tó kọjú sí títì nìkan kọ́ ni ìsọ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́jà ń fi fọ́tò ọjà wọn sórí WhatsApp, Facebook àti Instagram, wọ́n ń gba owó sínú àkáǹtì, wọ́n sì ń fi ọjà ránṣẹ́ láti gáréèjì lọ sí Èkó, Abùjá àti òkè òkun. Àdìrẹ, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà, wíìgì, fóònù, títí dórí aṣọ òfì àti ọṣẹ dúdú tí ọjà Òjé lókìkí fún, kò sí èyí tí wọn kì í tà bẹ́ẹ̀. Èrè ọlọ́jà kékeré lórí ọjà kọ̀ọ̀kan kì í tó nǹkan, nítorí náà jìbìtì kan ṣoṣo lè gbé èrè ọjọ́ púpọ̀ lọ.

Ààbò tó wà nínú ọjà ojúkorojú

Ọjà'ba wà lára àwọn ọjà tó pẹ́ jù ní Ìbàdàn. Orúkọ Ibà Olúyọ̀lé, tó jẹ́ Baṣọ̀run Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi ń pè é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tajà níbẹ̀ ní ààbò nínú fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á tú u, á nà án sí ìmọ́lẹ̀, á fọwọ́ pa á, á yẹ etí rẹ̀ wò, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí ó bá sanwó, àwọn tó pàtẹ sọ́tùn-ún sósì rí i. Bí ó bá dá aṣọ padà ní ìrọ̀lẹ́, ọlọ́jà á mọ̀ bóyá aṣọ òun ni, aládùúgbò rẹ̀ á sì rántí ohun tí wọ́n jọ sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́ á dá sí i, á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, á sì parí rẹ̀ kí ọjà tó tú.

Nǹkan mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àyẹ̀wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹlẹ́rìí, ìmọra láàrin òǹtajà àti òǹrajà, àti onílàjà tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí ayélujára, kò sójú. Fọ́tò ni oníbàárà rí, orúkọ lásán ni ọlọ́jà rí, ẹni tó gbé ọjà lọ kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹrù. Àyè tó ṣófo yìí ni oníjìbìtì ń gbà wọlé. Ọ̀nà tí ọlọ́jà sì lè gbà dí i ni kí ó wá ohun tí yóò rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Oríṣiríṣi jìbìtì tó wà

Àkọ́kọ́ ni wíwọ aṣọ lọ sóde kí wọ́n tó dá a padà. Oníbàárà á gba gèlè tàbí léèsì ní Ọjọ́bọ̀, á wọ̀ ọ́ lọ sí òwàńbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó bá di ọjọ́ Ajé á ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti inú fọ́tò mu. Àmì rẹ̀ kì í fara sin tán: òórùn lọ́fínńdà, àtíkè ní ọrùn aṣọ, òógùn lábíyá, ojú ihò píìnì lára gèlè.

Èkejì ni pípààrọ̀ ọjà. Ẹni tó ní fóònù tó ti bàjẹ́ nílé á ra tuntun irú rẹ̀, á kó ògbólógbòó sínú páálí tuntun, á sì dá a padà pé kò ṣiṣẹ́. Bákan náà ni wọ́n ń fi wíìgì onírọ́bà rọ́pò wíìgì irun gidi, tí wọ́n ń fi bàtà ayédèrú rọ́pò ojúlówó.

Ẹ̀kẹta ni yíyọ nǹkan lára ọjà. Bátìrì tàbí ṣájà á kúrò nínú páálí, okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́ márùn-ún á di mẹ́rin, aṣọ ọ̀pá márùn-ún á padà sílé ní ọ̀pá mẹ́rin ààbọ̀. Ọlọ́jà tí kò bá kà á, tí kò sì wọ̀n ọ́, kò ní mọ̀ títí oníbàárà mìíràn yóò fi wá fẹjọ́ sùn.

Ẹ̀kẹrin ni páálí tó ṣófo. Oníjìbìtì á di òkúta tàbí àkísà sínú páálí kí ó lè wúwo, á gbé e fún awakọ̀, á sì fi fọ́tò wébíìlì ránṣẹ́ sí ọlọ́jà pé ọjà ti ń bọ̀, kí wọ́n tètè dá owó òun padà. Ọlọ́jà tó bá fi owó ránṣẹ́ nítorí fọ́tò wébíìlì yóò ṣí páálí náà nígbà tí owó ti lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni sísẹ́ pé ọjà dé. Ọjà dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tàbí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ọwọ́ maigádì, ṣùgbọ́n ó ní òun kò rí nǹkan kan. Bí kò bá sí àmì pé ẹnì kan gbà á, ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà àti ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ló kù.

Ẹ̀kẹfà ni ọjà tí ọwọ́ oníbàárà bà jẹ́. Ẹni tó fi omi gbígbóná àti jíìkì fọ àdìrẹ á ní ó ti ṣá láti ìsọ̀. Ẹni tó já fóònù bọ́ sínú omi á ní bí wọ́n ṣe gbé e wá fún òun nìyẹn.

Ìkeje kò kan ọjà, owó ló kàn. Àwọn kan á fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́, iye tó wà nínú rẹ̀ á ju owó ọjà lọ, wọ́n á sì bẹ ọlọ́jà pé kí ó dá ìyókù padà kíákíá. Owó tí kò wọlé rí ni ọlọ́jà ń dá padà yẹn. Àwọn mìíràn á fi káàdì sanwó, wọ́n á gba ọjà, wọ́n á sì lọ sọ fún báńkì wọn pé àwọn kọ́ ló ra nǹkan náà, tàbí pé ọjà kò dé. Báńkì lè gba owó náà padà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Lábẹ́ ìlànà àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì bíi Visa, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè wọlé títí di nǹkan bí 120 ọjọ́, lẹ́yìn tí ọlọ́jà ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí owó wà, àti ẹni tó ń dájọ́

Kò sí ìkànnì méjì tó ń ṣe bákan náà lórí ọjà àdápadà. Ìbéèrè tó yẹ kí ọlọ́jà kọ́kọ́ béèrè ni pé: ọwọ́ ta ni owó wà nígbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò sì dájọ́?

Lórí Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012, ìkànnì náà ló dúró láàrin. Owó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, òun ló ń sanwó fún ọlọ́jà lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé. Ọjọ́ méje ni Jumia sábà máa ń fún oníbàárà láti dá ọjà padà, ó sì ń béèrè pé kí ọjà wà bí ó ṣe wà nígbà tó dé, pẹ̀lú páálí àti gbogbo ohun tó bá a wá. Ọjà tó bá padà ń kọjá lábẹ́ àyẹ̀wò. Ìwé tí Jumia fi sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà ní 2019 fi hàn bí iṣẹ́ yìí ṣe wúwo tó: nínú gbogbo iye owó ọjà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ pàṣẹ ní 2018, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò dé ọwọ́ wọn tàbí tí wọ́n dá padà. Jìbìtì kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ ni jìbìtì ti ń ráyè sá pamọ́ sí.

Lórí Jiji, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àti lórí Instagram, Facebook àti WhatsApp, owó ń lọ tààrà láti ọwọ́ oníbàárà sí ọwọ́ ọlọ́jà, ìkànnì kì í sì í dájọ́ láàrin wọn. Èyí dà bí àǹfààní fún ọlọ́jà, torí pé owó ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fẹjọ́ sùn ní báńkì tàbí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, báńkì lè dí àkáǹtì ọlọ́jà pa títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀, tí òwò á sì dúró. Ibi tí kò ti sí onílàjà, ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló ń borí.

Ohun tí òfin sọ

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Àjọ FCCPC ló ń mú un ṣẹ. Abala 122 rẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bí ó bá ti sọ ohun tí ó fẹ́ lo ọjà náà fún tí ọjà kò sì wúlò fún un, tàbí bí kò bá ráyè yẹ ọjà wò kí ó tó dé, tí ó sì kọ̀ ọ́. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wáyé láàrin àkókò tó bójú mu. Ẹ̀tọ́ yìí kún èyí tí oníbàárà ti ní tẹ́lẹ̀ láti dá ọjà tó léwu tàbí tó ní àbùkù padà. Àkọlé tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà, kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni. Ọlọ́jà tó bá gbára lé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò kankan.

Ààbò tí òfin fún ọlọ́jà wà níbòmíràn. Òfin títa ọjà tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá jogún láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 fún oníbàárà ní àyè láti yẹ ọjà wò. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé, bí ó bá ti ní àyè láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó wá ṣe ohun tí ẹni tó ní nǹkan nìkan lè ṣe sí i, tàbí tí ó pa á mọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ láìsọ pé òun kọ̀ ọ́, ó ti gbà á nìyẹn. Yíyẹ aṣọ wò níwájú dígí nínú yàrá yàtọ̀ sí wíwọ̀ ọ́ jó níbi ìnáwó. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ jó ti gba ọjà náà.

Irọ́ tí wọ́n fi gba owó tàbí ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀ràn ìjọba pẹ̀lú. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tí gbogbo ènìyàn mọ nọ́ńbà rẹ̀, dá lé e lórí. Òfin tó de jìbìtì owó, ti ọdún 2006, wá le jù ú lọ: ẹni tó bá jẹ̀bi rẹ̀ kò lè lò kéré sí ọdún 7 lẹ́wọ̀n, kò lè lò ju 20 lọ, kò sì sí àyè láti fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀.

Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 náà ṣe pàtàkì fún ọlọ́jà orí ayélujára. Abala 84 rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ láyè láti tẹ́wọ́ gba ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí wọ́n bá ṣe é bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2023 kí ó lè bá ìgbà mu. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp, fídíò àti àkọsílẹ̀ báńkì kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọlọ́jà máa pa rẹ́ torí kí fóònù lè ní àyè.

Ohun tí àwọn tó wà lókè òkun ń ṣe

Ìṣòro yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní National Retail Federation ṣírò pé ọjà tí àwọn oníbàárà dá padà ní 2023 tó bílíọ̀nù 743 dọ́là, àti pé jìbìtì wà nínú bílíọ̀nù 101 dọ́là nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Amazon gbé ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ REKK lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń polówó lórí Telegram pé àwọn lè bá ènìyàn gba owó padà lórí ọjà tí kò dá padà, kí ó sì fún àwọn ní ìdá kan nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ Amazon kan ní rìbá kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà ti padà. Bí wọ́n bá lè fi àkọsílẹ̀ lásán tan ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọlọ́jà kékeré mọ̀ pé àkọsílẹ̀ tàbí fọ́tò wébíìlì kò tó. Ọjà gan-an ló yẹ kí ó fojú rí.

Àwọn ìkànnì ńlá ti ṣe ìlànà láti dáàbò bo ọlọ́jà. Amazon ní ètò tí ọlọ́jà lè fi bẹ̀bẹ̀ fún owó rẹ̀ bí ọjà àdápadà bá dé ní ìbàjẹ́ tàbí tí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀. eBay sì gba ọlọ́jà tó ń fúnni láyè láti dá ọjà padà lọ́fẹ̀ẹ́ láyè láti yọ tó ìdajì nínú owó náà bí ọjà bá padà ní àlòkù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ta gèlè àti aṣọ òfì lórí ayélujára, ìlànà ọdún 2013 fún ẹni tó ra ọjà láìrí i ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ì báà má sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà gba ọlọ́jà láyè láti yọ owó bí oníbàárà bá lo ọjà kọjá ohun tó nílò láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà á láyè láti mú owó dání títí ọjà yóò fi padà dé tàbí tí oníbàárà yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé òun ti fi í ránṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n rán fún ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo kò sí lára ohun tí ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà yìí kàn. Ọlọ́jà láti Ìbàdàn tó ń ta ọjà sí Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ ìlànà yìí, torí oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Kí ọjà tó kúrò nílé

Ìgbésẹ̀ kìíní ni àdéhùn tó ṣe kedere. Kí ó kúrú, kí ó wà lójú ibi tí oníbàárà yóò ti rí i, kí ọlọ́jà sì fi ránṣẹ́ sí i kí ó tó sanwó. Kí ó sọ iye ọjọ́ tí ọjà lè fi padà, ipò tó gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, ìgbà tí owó yóò padà àti àkáǹtì tí yóò padà sí. Oníbàárà tó bá fèsì pé òun gbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá kò gbọ́dọ̀ kéré débi pé ẹni tó wà ní Kánò kò ní ráyè ṣí ẹrù kí ó tó pé.

Ìkejì ni òtítọ́ nínú àpèjúwe. Fọ́tò tí wọ́n yà ní ojúmọmọ, ìwọ̀n tí wọ́n fi téèpù wọ̀n, àbùkù tí wọ́n fi hàn láìfi bò: àwọn nǹkan wọ̀nyí ń dín ọjà àdápadà olóòótọ́ kù, wọn kì í sì í jẹ́ kí oníjìbìtì rí àwáwí. Ẹni tó ń ta àdìrẹ, kí ó kọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ sínú ìwé pélébé, kí ó sì fi í sínú aṣọ.

Ìkẹta ni àmì ìdánimọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó yà á. Ìbàdàndùn, àdìrẹ tó ní àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sí i lára, nítorí náà kò sí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀. Fọ́tò igun kan lára rẹ̀, tí wọ́n yà súnmọ́tòsí, dúró bí ìtẹ̀ka. Aṣọ òfì ní ojú ìránpọ̀ àti etí tó ṣeé yà ní fọ́tò bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó ti ilé-iṣẹ́ wá, kí wọ́n fi òwú aláwọ̀ kan rán an níbi tó fara sin. Fóònù ní nọ́ńbà IMEI, onídíjítì 15, tó máa ń jáde bí wọ́n bá tẹ *#06#. Kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rísíìtì. Aṣọ òde àti gèlè, kí wọ́n so táàgì mọ́ ọn níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, kí àdéhùn sì sọ pé ọjà tí táàgì rẹ̀ bá ti já ti di àlò.

Ìkẹrin ni fídíò ìdìpọ̀. Kí ó jẹ́ fídíò kan tí kò gé láàrin: orúkọ oníbàárà àti déètì, ọjà, àmì ara rẹ̀, bí ó ṣe wúwo tó lórí ìwọ̀n, títí wọn yóò fi lẹ̀ ẹ́ pa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́rìí tí aládùúgbò ìsọ̀ ń ṣe ní Ọjà'ba. Kí wọ́n pa á mọ́ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, torí ẹ̀sùn káàdì tó lè pẹ́ wọlé.

Ìkarùn-ún ni gbígbé ọjà lé ẹni gidi lọ́wọ́. Kí wébíìlì ní orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀ àti déètì. Ní àárín ìlú, bí ọjà bá níye lórí, kí àdéhùn jẹ́ pé oníbàárà yóò ṣí i lójú ọlọ́kadà tó gbé e dé, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fèsì lórí WhatsApp kí ọlọ́kadà tó lọ. Àyẹ̀wò tó wà ní ọjà ojúkorojú ti padà nìyẹn, ó sì dáàbò bo oníbàárà náà lọ́wọ́ ọlọ́jà tó bá fẹ́ fi ayédèrú ránṣẹ́.

Bí oníbàárà bá fẹ́ dá ọjà padà

Kí ọlọ́jà má bínú, kí ó má sì yára. Kí ó kọ́kọ́ béèrè fọ́tò àti fídíò ohun tí oníbàárà sọ pé ó bàjẹ́, kí ó fi wé èyí tí ó yà nígbà ìdìpọ̀. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ọlọ́jà, kí ó gbà bẹ́ẹ̀, kí ó san owó ọkọ̀, kí ó sì tọrọ àforíjì. Bí kò bá dájú, kí ó ní kí ọjà padà ná.

Nígbà tí ọjà bá dé, kí wọ́n ṣí i lórí fídíò, pẹ̀lú ẹni tó gbé e wá tàbí ẹlòmíràn nítòsí. Kí wọ́n wọ̀n ọ́, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n wo àmì tó fara sin àti nọ́ńbà IMEI. Lẹ́yìn èyí nìkan ni owó lè padà, àkáǹtì tí owó ti wá gan-an ló sì gbọ́dọ̀ padà sí. Bí ẹnì kan bá sanwó láti àkáǹtì kan tí ó wá ní kí wọ́n dá a padà sí òmíràn, ó lè jẹ́ pé owó olówó ni wọ́n ń gba ọwọ́ ọlọ́jà kó kọjá. Kí ọlọ́jà tó dá owó kankan padà, kí ó ṣí áàpù báńkì rẹ̀ wò bóyá owó wọlé lóòótọ́. Àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù kò tó.

Bí jìbìtì bá ti ṣẹlẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ọlọ́jà kọ̀wé sí oníbàárà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó fi fídíò méjèèjì hàn án, kí ó sì sọ ohun tí ó fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rí ẹ̀rí yóò jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkànnì tó ní ètò ìdájọ́, kí ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ síwájú wọn láàrin ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn káàdì, kí ó dá ilé-iṣẹ́ ìsanwó lóhùn kíákíá pẹ̀lú ẹ̀rí pé ọjà dé. Ẹni tí kò bá fèsì ti pàdánù nìyẹn.

Bí owó náà bá pọ̀, tàbí tí ó bá hàn pé iṣẹ́ àwọn tó fi jìbìtì ṣe iṣẹ́ ni, ọlọ́pàá àti ẹ̀ka àjọ EFCC tó wà ní Ìbàdàn ni ibi tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn sí. Owó tó bá di gbèsè lásán lè dé kóòtù màjísíréètì, irú èyí tó wà ní Ìyágankù. Láti ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá kóòtù sílẹ̀ fún gbèsè kéékèèké tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kí ẹjọ́ irú rẹ̀ má bàa pẹ́.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ọlọ́jà ṣe, bí ó ti wù kí inú bí i tó: gbígbé fọ́tò, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà sórí Facebook pé olè ni. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 de irú lílo bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ sì lè pe ọlọ́jà lẹ́jọ́. Ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ yóò wá di ẹni tó jẹ̀bi.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà

Èyí tó kù nínú nǹkan mẹ́rin tó ń dáàbò boni ní ọjà ojúkorojú ni onílàjà, ẹyọ ọlọ́jà kan kò sì lè dá a padà fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló lè ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Ọjà'ba, Òjé àti Bẹẹrẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà láàrin òǹtajà àti òǹrajà. Kò sí ìdí tí wọn kò fi ní gbọ́ ẹjọ́ ọjà orí ayélujára pẹ̀lú, bí oníbàárà àti ọlọ́jà bá gbà bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn wọn. Ẹgbẹ́ lè kọ àdéhùn kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa lò, kí oníbàárà lè mọ ohun tí yóò bá ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń ya fídíò ìdìpọ̀. Ó sì lè bá ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta ọjà ayédèrú wí, torí irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gbàgbọ́ nígbà tí oníjìbìtì bá purọ́ mọ́ ọlọ́jà olóòótọ́.

Àyè láti dá ọjà padà ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà ní Abùjá fi ọkàn balẹ̀ ra ọjà láti Bẹyẹrúnká láìfojú rí i. Ọlọ́jà tó bá ti àyè yẹn pa nítorí ìbẹ̀rù yóò lé ẹgbẹ̀rún olóòótọ́ lọ nítorí oníjìbìtì kan. Kí àyè ṣí sílẹ̀, kí ẹ̀rí sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá ń tajà lórí ayélujára, kí ó kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò láti orí ọjà tó kàn tí yóò dì.